Ìpè fídíò láti orí kọ̀ǹpútà ilé: WhatsApp, Zoom, Meet tàbí Teams, èwo ni kí ará Ìkòròdú mú?

Ìró ni màmá yẹn fi wé láptọ́ọ̀pù náà nígbà tí wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun jáde. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, bá mi wo nǹkan yìí o. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Kánádà ní òun ń rí mi, òun ò gbọ́ mi. Zoom la kọ́kọ́ lò, ó ní Zoom ò dáa, kí n gba Meet. A gba Meet, ibì kan náà la wà. Ló bá tún ní Teams. Dátà mi ti tán, n ò sì tíì bá ọmọ mi sọ̀rọ̀."

Mo ṣí i. Áàpù mẹ́rin ló tò síbẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn, àwọn bọ́tìnì òkè ni mo wò. Lórí F8, iná kékeré kan ń tàn, àwòrán máìkì tí wọ́n fi ìlà dábùú sì wà lára bọ́tìnì náà. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, iná kú. Mo ní, "Ẹ pè wọ́n, mà." Ìpè ò tíì dún lẹ́ẹ̀mẹta tí wọ́n fi gbé e lọ́hùn-ún: "Màmá! Mo ti ń gbọ́ yín!" Ọmọ-ọmọ wọn tó ń fi kọ̀ǹpútà náà ṣeré ló tẹ bọ́tìnì yẹn. Bí wọ́n bá gba ogún áàpù, gbogbo wọn ni ì bá ya adití.

"Èwo ló dáa jù?" ni gbogbo èèyàn máa ń bi mí. Ìdáhùn mi kì í sábà dùn mọ́ wọn nínú: èyí tí ẹni tí nǹkan rẹ̀ kéré jù nínú ìpè náà bá lè gbé ni. Bí láptọ́ọ̀pù ọmọ ní Toronto bá jẹ́ ti ọdún yìí, tí ti ìyá ní Ìgbógbó sì jẹ́ tòkunbọ̀ tó ti rí ọdún mẹ́jọ, ti ìyá ni ká fi wọn ọ̀rọ̀. Ojú ẹni yẹn ni mo fi ṣe ìfiwéra tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ọ̀dọ̀ ta ló ti bàjẹ́?

Ẹ má tíì pààrọ̀ áàpù. Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà, torí lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń jìyà ìpè kọ́ ló ń fa ìyà.

Ẹ wo ti ohùn tó ń padà. Ẹ sọ pé "ẹ káàárọ̀", "káàárọ̀" tún dún létí yín. Ẹ̀ ń ti spíkà yín lọ sókè sódò, ẹ̀ ń pa kọ̀ǹpútà, ẹ̀ ń tàn án, kò sí ìyàtọ̀. Kò lè sí, torí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì ni ohùn yín ti ń jáde láti inú spíkà tó tún ń gba inú máìkì wọn padà wá bá yín. Àwọn gan-an ò gbọ́ nǹkan kan tó burú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń jiyàn pé nǹkan tiwọn dá ṣáká. Kí wọ́n dín ohùn spíkà kù tàbí kí wọ́n ki íápíìsì sétí, ó tán. Èyí tó tún ju ìyẹn lọ ni ti ìpàdé ẹbí: láptọ́ọ̀pù wà lórí tábìlì, fóònù bùrọ̀dá wà lórí àga, àwọn méjèèjì wọ ìpè kan náà nínú pálọ̀ kan náà. Igbe tó máa ń jáde níbẹ̀, ajá àdúgbò á dáhùn. Ẹ pa máìkì àti spíkà ọ̀kan nínú méjèèjì, kí ẹ fi ìkejì sọ̀rọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán ẹnìkejì ló ń dì pa, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi wọ́n: "Ṣé èmi náà ń dì lójú yín?" Bí wọ́n bá ní rárá, a jẹ́ pé ohun tó ń wọlé sọ́dọ̀ yín ló lọ́ra, tàbí ohun tó ń jáde lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wá pe ẹnìkẹta. Bí ti ẹnìkẹta bá mọ́lẹ̀ kedere, ẹ sọ fún ẹni àkọ́kọ́ pé kó lọ wo ilé rẹ̀. Ẹ sì rántí pé ọ̀nà tó ń jáde kúrò nílé wa kì í sábà fẹ̀ tó èyí tó ń wọlé. Ẹni tó ń wo YouTube láìdúró lè fọwọ́ sọ̀yà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun le, bẹ́ẹ̀ YouTube fẹ́rẹ̀ẹ́ má lò ju ọ̀nà ìwọlé lọ. Ìpè fídíò ń lo méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti kámẹ́rà rọrùn. Ẹ ṣí áàpù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Camera nínú Windows. Bí ẹ bá rí ojú ara yín níbẹ̀, ara kámẹ́rà le. Áàpù tí ẹ fi ń pè ni kò ní àṣẹ láti lò ó, tàbí kí áàpù mìíràn tí ẹ gbàgbé láti pa ti di kámẹ́rà mú. Àṣẹ wà nínú Settings, lábẹ́ Privacy. Bó bá jẹ́ inú bráúsà lẹ ti ń pè, ẹ tẹ àmì kékeré tó ṣáájú àdírẹ́sì lókè, ẹ ó rí kámẹ́rà àti máìkì níbẹ̀. Bí ẹ ò bá sì rí nǹkan kan nínú Camera, kí ẹ tó sunkún, ẹ fi ìka kan etí òkè láptọ́ọ̀pù. Àwọn kan ní ìlẹ̀kùn pẹ́npẹ́ tí wọ́n máa ń fà bo ojú kámẹ́rà. Ọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá láti Agric nítorí ìlẹ̀kùn yìí. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ owó ọkọ̀ ti lọ.

Zoom ní ibi tí èèyàn ti lè dán ara rẹ̀ wò láìpe ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ sí zoom.us/test. Á jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀, á wá fi ohùn yín dá yín lóhùn. Bí ẹ bá gbọ́ ara yín níbẹ̀, máìkì yín kò lẹ́jọ́. Kódà bí ẹ ò bá fẹ́ fi Zoom pe ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ yẹn wúlò.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ọ̀fẹ́ ni mo kọ síbí, torí ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń lò.

| | Àkókò | Iye èèyàn | Ohun tí kọ̀ǹpútà ń fẹ́ |
|---|---|---|---|
| WhatsApp | kò sí gbèdéke | 32 | áàpù lórí Windows tàbí Mac, àti nọ́ńbà fóònù |
| Zoom | ìṣẹ́jú 40, ì báà ṣe ẹni méjì péré | 100 | áàpù ló dáa jù |
| Google Meet | wákàtí 24 fún ẹni méjì, ìṣẹ́jú 60 bí ẹ bá ti pé mẹ́ta | 100 | bráúsà nìkan ti tó |
| Teams ọ̀fẹ́ | wákàtí 30 fún ẹni méjì, ìṣẹ́jú 60 fún àwùjọ | 100 | áàpù tàbí bráúsà |

Ẹ ó ti rí i pé Skype kò sí níbẹ̀. Àwọn bàbá kan ṣì ń wá a. Ó dé ní 2003, Microsoft rà á ní 2011, ó sì kógbá wọlé ní ọjọ́ 5, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025. Bí ẹ bá rí àmì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, bí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí di alẹ́, kò ní gbé ìpè kankan. Teams ni Microsoft ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ kó lọ.

WhatsApp ni mo máa ń kọ́kọ́ wò fún ìyá tàbí bàbá tó jẹ́ pé ọmọ méjì mẹ́ta péré ni wọ́n ń pè. Ìdí kan ni pé ẹni tí wọ́n ń pè ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí línkì tí wọ́n máa wá, kò sí nọ́ńbà ìpàdé tí wọ́n máa kọ sínú ìwé. Orúkọ "Ọmọ mi Kánádà" wà níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó dún. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá rẹlẹ̀, àwòrán á ṣú díẹ̀, ohùn á sì máa lọ, èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ibi tó kù sí ni pé fóònù ni ìyá rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní fóònù tí WhatsApp wà lórí rẹ̀, ti kọ̀ǹpútà ò ní ṣiṣẹ́.

Nǹkan kan wà nínú WhatsApp tí kì í hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Nínú Privacy, lábẹ́ Advanced, ẹ ó rí ibì kan tó ń jẹ́ "Protect IP address in calls". Bí ó bá wà ní títàn, gbogbo ìpè yín á máa gba ọ̀dọ̀ WhatsApp kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ìpè mọ àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì yín. Ó dáa fún ẹni tó ń bá àjèjì sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó lè dín adùn ìpè kù, ìyá àti ọmọ ò sì nílò rẹ̀.

Zoom, èmi fẹ́ràn rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá di pé àwùjọ pọ̀, tí ìjọ ń ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì tàbí tí àáfà ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú láti òkèèrè, tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè pa ẹnu gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ Zoom le ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹni tí wọ́n pè kò sì nílò àkáǹtì, ẹni tó pe ìpàdé nìkan ló nílò rẹ̀. Ìṣẹ́jú 40 ni wàhálà. Títí di 2022, ẹni méjì lè sọ̀rọ̀ lórí Zoom ọ̀fẹ́ pẹ́ títí. Láti ìgbà náà, ẹni méjì tàbí ogójì, ó tó ìṣẹ́jú 40, ilẹ̀kùn tì. Mo mọ ẹbí kan tí wọ́n ti mọ́ ọn lára: wọ́n á sọ̀rọ̀ dé ibi pínpín ogún, Zoom á lé wọn jáde, wọ́n á tún línkì tẹ̀, bàbá á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé bàbá yín máa ń kí gbogbo èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó tún ń béèrè ọmọ lẹ́yìn ọmọ, ẹ má wulẹ̀ lo Zoom ọ̀fẹ́. Ìkíni nìkan á gba ogún ìṣẹ́jú.

Meet ni mo máa ń fún kọ̀ǹpútà tí ibi ìpamọ́ rẹ̀ ti kún tàbí èyí tí a kò fẹ́ fi nǹkan tuntun sí. Ẹ ṣí Chrome, ẹ wọ inú Gmail yín, ẹ fi línkì ránṣẹ́, ó parí. Kí ẹ tó wọlé, ó máa ń fi ojú yín hàn yín, á sì jẹ́ kí ẹ dán máìkì wò. Àmọ́ bráúsà ni ẹrù rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tó ní RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) 4GB, tí èèyàn ṣí nǹkan mẹ́tàdínlógún sílẹ̀ nínú Chrome, tó tún wá ń ṣe Meet, fáànù rẹ̀ á máa fẹ́ bíi pé ó fẹ́ gbéra. Ẹ pa gbogbo ojú ewé yòókù. Ẹ má fi àwòrán etíkun sí ẹ̀yìn yín. Lílé ògiri kúrò lẹ́yìn yín tí wọ́n ń fi etíkun rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ ni, kọ̀ǹpútà yín ló sì ń ṣe é, lẹ́ẹ̀mélòó kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ògiri yín ò burú.

Teams? Bí ilé iṣẹ́ ọmọ yín bá ń lò ó, ẹ bá a lọ. Fún ilé lásán, ó wúwo jù lójú mi.

Jitsi Meet, tó yàtọ̀ sí Meet ti Google, ni mo máa ń fi pamọ́ fún ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá dojú rú. Meet.jit.si, ẹ kọ orúkọ yàrá tó wù yín, ẹ wọlé. Láti 2023, ẹni tó ṣí yàrá ní láti fi àkáǹtì Google, Facebook tàbí GitHub wọlé, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò nílò nǹkan kan. Ẹ má sọ yàrá náà ní "Ẹbí" lásán o, àjèjì lè ronú kan orúkọ bẹ́ẹ̀ kó sì yọjú. Bí ọmọ yín bá sì ń lo iPhone, FaceTime tirẹ̀ lè fi línkì ránṣẹ́ sí yín, ẹ lè ṣí i nínú Chrome tàbí Edge lórí Windows. Ọmọ nìkan ló lè bẹ̀rẹ̀ ìpè, ẹ̀yin ò lè pe òun.

Dátà

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, ó yá kánkán. Zoom ní ìpè ẹni méjì tó mọ́lẹ̀ dáadáa nílò 600 kbps (ìwọ̀n bí dátà ṣe ń yára kọjá) ní lílọ, 600 kbps ní bíbọ̀. Bí ẹ bá pa á pọ̀ fún wákàtí kan, ó ń lọ sí nǹkan bí 540MB. Bí ẹ bá fẹ́ àwòrán tó tún mọ́ ju ìyẹn lọ, 720p, 1.2 Mbps lọ, 1.2 Mbps bọ̀, ó ti lé ní 1GB ní wákàtí kan. Ohùn nìkan, láìsí àwòrán, kò ju 80 kbps lọ ní lílọ àti 80 kbps ní bíbọ̀, ìyẹn nǹkan bí 72MB ní wákàtí kan. Ẹ wò ó dáadáa: owó àwòrán wákàtí kan, kódà ti 540MB yẹn, lè ra ohùn wákàtí méje àbọ̀.

Nítorí náà, ẹ fojú rí ara yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ rí ọmọ, ẹ rí ìyàwó, ẹ rí yìnyín tó wà níta fèrèsé wọn, kí ẹ wá pa kámẹ́rà, kí ẹ jókòó sọ̀rọ̀. Nínú Zoom, ẹ pa HD, ìyẹn àwòrán tó mọ́ jù. Nínú Meet, ẹ lè dín bí àwòrán tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ ṣe mọ́ kedere tó kù nínú Settings. Fóònù ni WhatsApp ti ní "Use less data for calls".

Síìmù, fíbà tàbí sátẹ́láìtì

Síìmù ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò ní Ìkòròdú, bóyá nínú MiFi, bóyá nínú ráútà, bóyá hotspot orí fóònù. Nǹkan kan wà nípa síìmù tó ń da ìpè láàárín kọ̀ǹpútà méjì rú. Ẹ ronú kan ilé ayálégbé tó ní yàrá méjìlá, gẹ́ẹ̀tì kan ló ní, nọ́ńbà kan ló wà lára gẹ́ẹ̀tì. Àlejò dé ẹnu gẹ́ẹ̀tì, ó ní òun ń wá ẹnì kan, kò mọ yàrá. Gẹ́ẹ̀tìmàánù á ní kó máa lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì síìmù ṣe ń kó ọ̀pọ̀ ilé sábẹ́ àdírẹ́sì kan, tí ìpè láti kọ̀ǹpútà kan lóde kò fi lè wọlé tààrà sí tiyín. Ọgbọ́n tí àwọn áàpù dá ni pé wọ́n á ní kí ẹ̀yin méjèèjì kọ́kọ́ jáde síta. Ẹni tó bá ti inú jáde, gẹ́ẹ̀tìmàánù á dá a mọ̀ nígbà tó bá ń padà. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, wọ́n á fi ẹnìkẹta sáàárín tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni yìí tó ń gbé e lọ bá ẹni yẹn.

Ìgbà tí gbogbo ọgbọ́n yìí bá kùnà lẹ ó rí i pé ìpè ń dún, ẹnìkejì gbé e, ojú ìpè dúdú, kò sóhùn. Ó wọ́pọ̀ bí ẹnìkejì bá wà ní Wi-Fi ọ́fíìsì tàbí ti yunifásítì tí wọ́n ti dí àwọn ọ̀nà kan. Ẹ má pààrọ̀ áàpù nígbà náà. Ẹ ní kó fi dátà fóònù rẹ̀ pe yín. Bó bá wọlé, ẹ ti mọ̀ pé Wi-Fi ibẹ̀ ni.

Bí fíbà, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba inú wáyà wọlé, bá ti dé àdúgbò yín, tí ẹ lówó rẹ̀, ẹ má jiyàn, òun ni. Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì, tó dé Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023 dára fún ibi tí fíbà ò tíì dé, bí ẹ bá lè rí ojú ọ̀run tí igi ò dí, tí ẹ sì gbà pé òjò ńlá lè dí i lọ́wọ́. Ọjọ́ kan wà tí ẹni tó ní in fi gbogbo wa rẹ́rìn-ín: ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá já lápá Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn mẹ́ta gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sílé.

Nínú ilé fúnra rẹ̀, ibi tí ẹ gbé ráútà sí ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kọ́. Orí fíríìjì kọ́. Ẹ gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé tó kọjú sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ sì jìnnà sí páànù bí ẹ bá lè jìnnà sí i. Bí ráútà bá ní orúkọ Wi-Fi méjì, èyí tó ní 5G lẹ́yìn ń yára ṣùgbọ́n kò lè la ògiri bíi ti ìkejì, 2.4. Yàrá kan náà ni kí ẹ ti lò ó. Wáyà láti ráútà sí kọ̀ǹpútà ló dára ju gbogbo wọn lọ. Kò wù yín lójú, mo mọ̀.

Íápíìsì

Ẹ ra oníwáyà. Aláìníwáyà rẹwà, orin ń dùn nínú rẹ̀, àmọ́ bí ìpè bá ti bẹ̀rẹ̀, tó di pé ó ní láti gbé ohùn lọ kó tún gbé ohùn bọ̀, ó máa ń bọ́ sí ipò mìíràn. Ohùn á wá dún bíi pé inú agolo ni ẹnìkejì wà. Èèyàn á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Lẹ́yìn náà, Bluetooth àti Wi-Fi 2.4 ń jọ ń du ojú ọ̀nà kan náà. Oníwáyà tí wọ́n ń tà ní Sábó ò ní irú ìjà bẹ́ẹ̀ nínú.

Iná

A ń gbé nítòsí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Egbin, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,320 megawatt, ẹ̀rọ mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 220. Èmi ló sì ń kọ èyí lábẹ́ ínfátà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Bí ẹnìkejì bá ń gbọ́ "hùùnnn" lábẹ́ ohùn yín, tí jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà ló sì ń gbé kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ṣájà kúrò lára láptọ́ọ̀pù fún ìṣẹ́jú kan. Bí ariwo bá lọ, iná tó ń gba ṣájà wọlé ló ń kùn nínú máìkì. Ẹ gba bátìrì kún kí ẹ tó pè, kí ẹ sì yọ ṣájà bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Bí bátìrì bá ti kú, ọgbọ́n mìíràn ni kí ẹ fi íápíìsì tó ní máìkì sí ibi USB. Ti ariwo jẹnẹrétọ̀ gan-an létí fèrèsé, Zoom àti Meet ní ohun tó ń gbá ariwo kúrò, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó kàn ń jẹ kọ̀ǹpútà tí kò lágbára.

Aago

Èyí kéré, ó sì ń pa èèyàn lára. Bàbá kan gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wá, irú èyí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ sójú kan, pé íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, Meet ò ṣí, bráúsà ń sọ pé ibẹ̀ ò ní ààbò. Mo wo ìsàlẹ̀ ọ̀tún: ọdún 2012 ni kọ̀ǹpútà náà wà. Bátìrì pẹlẹbẹ tó wà lórí bọ́ọ̀dù nínú rẹ̀, CR2032, tó rí bí owó ẹyọ, ti kú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná kúrò, aago rẹ̀ á gbàgbé ọdún tí a wà. Ìwé ẹ̀rí tí Google fi ń hàn pé òun ni Google, ọjọ́ iwájú ni lójú kọ̀ǹpútà yẹn, ló ṣe kọ̀ ọ́. Mo pààrọ̀ bátìrì, mo tún ọjọ́ ṣe, Meet ṣí.

Aago kejì ni ti òkè òkun. Nàìjíríà kì í yí aago, àwọn yí i. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wákàtí márùn-ún la fi ṣáájú Toronto. Nígbà òtútù, mẹ́fà. London bá wa dọ́gba ní ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì fi wákàtí kan kù sẹ́yìn nígbà òtútù. Bí wọ́n bá ti yí i, nínú oṣù Kẹta, àti ní ìparí oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, èèyàn á gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi pé "ìpàdé ò jẹ́ kí n wọlé". Wákàtí kan ló fi yára, tàbí ló fi pẹ́.

Windows 10 nìkan ló kù tí mo fẹ́ mẹ́nu bà. Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025. Ìpè ṣì ń wọlé lórí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ta láptọ́ọ̀pù tuntun fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ mú èyí tó gbé Windows 11, RAM 8GB ó kéré tán.

Ti màmá yẹn, mo yọ Teams àti Zoom kúrò, mo fi WhatsApp sílẹ̀ fún ìpè ojoojúmọ́. Mo fi línkì Meet kan sórí ojú kọ̀ǹpútà fún ìpàdé àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ Àìkú. Mo ta íápíìsì oníwáyà kan fún wọn. Lọ́jọ́ Àìkú ọ̀hún, ní agogo mẹ́rin, fóònù mi dún.

"Ọmọ mi, iná pupa yẹn tún tàn o."

"Ẹ tẹ F8, mà."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́. Mo kàn ní kí n sọ fún ẹ ni. Wọ́n ti ń dúró dè mí."